Ta Ló Ń Bọ́ Yín, Bàbá?

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nínú ilé ìwé ìjọ wa, ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ogun Ìjàyè ti parí. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Olùkọ́ wa jókòó sídìí tábìlì. Aránṣọ kan tó ti Sàró bọ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìyá aláró tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ jókòó lórí àpótí tó gbé wá láti ilé, nítorí kò fẹ́ràn bẹ́ǹṣì tí mo kàn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnì karùn-ún ni bàbá ìyàwó mi. Àwa mẹ́rin la ránṣẹ́ pè é.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá lè sọ níwájú wa pé òun kò lẹ́nìkan tó ń bọ́ òun, ìjọ yóò máa bọ́ ọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Yóò fi oko sílẹ̀, yóò padà sí yàrá rẹ̀ ní Òwu, opó kan nínú ìjọ yóò sì máa se oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo wa la fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ jù.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, Ẹ̀gbá ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú àgbà. Ọkùnrin á ro oko títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kọ̀ fún un. Nígbà náà ni yóò pe àwọn ọmọ rẹ̀, yóò fi ààlà oko hàn wọ́n, yóò sì padà wálé láti máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà lọ, iṣu á máa wá bá a nílé. Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tí ogun kó ọmọ lọ ńkọ́? Ìyẹn kò sí nínú òwe náà.

Bẹ́ẹ̀ ogun ti pọ̀ jù láyé tiwa. Kò sí agbo ilé kan tí kò ní yàrá tó ṣófo. Bàbá ìyàwó mi bí ọmọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kú sójú ìjà. Wọ́n mú èkejì lẹ́rú, a kò sì mọ ibi tí wọ́n tà á sí. Obìnrin náà ni mo fẹ́. Ibà mú un, ó sì kú, nígbà tí ogun Ìjàyè ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó wá ku bàbá náà nìkan ní oko rẹ̀ lọ́nà Kọ́bapẹ́, ó ń kọ ebè tó ń kéré sí i lọ́dọọdún. Nígbà òjò kan, ó ṣubú létí odò níbi tó ti lọ pọnmi. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí títí àwọn ará oko kejì fi rí i.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ mú àbá wá. Ó ní ní Sàró, àwọn tí wọ́n jọ ti ìlú kan wá máa ń dá nǹkan jọ. Bí ọ̀kan bá dàgbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọn kì í jẹ́ kí ebi pa á. Ìjọ gba àbá náà. Nígbà ìkórè, a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ọrẹ. Kò pọ̀, nítorí náà ni olùkọ́ fi ní àwọn tí kò lẹ́nìkan rárá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n ná. Ó wá yàn mí láti lọ wádìí.

Ìdí tó fi yàn mí ni pé mo lè kọ̀wé, àwọn àgbà sì mọ̀ mí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Nígbà tí mo ń ṣe ilẹ̀kùn ilé ìwé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí àwọn ọmọdé ń pè, tí èmi náà ń pè é tẹ̀lé wọn lábẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ẹnu mi ń ṣe jẹ́jẹ́ bí ẹnu ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Olùkọ́ fún mi ní ìbéèrè kan: Ta ló ń bọ́ yín? Mo gbé e káàkiri. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń gbé nítòsí odò Ògùn. Ẹ̀gẹ́ sísun ló ń jẹ, kò sí epo, kò sí iyọ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìjẹun, Ìyá. Ta ló ń bọ́ yín?"

Ó ní, "Àwọn ọmọ mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà, Ìyá?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Kí a tó tẹ ìlú yìí dó ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Òwu tó ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ rí. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó gbọ́ ìbéèrè mi.

Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Olùkọ́ ni, Bàbá."

"Sọ fún un pé àwọn èèyàn mi pọ̀ bí ewé. Kí ó lọ ka ti ìyá rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ti yọ nídìí. Òkúta ló fi tì í nínú. Mo padà lọ tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì bi mí ohun tó mú mi wá.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé òun kò lẹ́ni. Nílẹ̀ wa, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àdúrà wa ni pé kí Ọlọ́run má sọ wá di aláìlẹ́ni. Ẹni tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ, tó wá la ẹnu sọ pé òun kò lẹ́nìkan, ó ti sin ọmọ náà láìrí òkú rẹ̀.

Mo mọ èyí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àfi olùkọ́ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Sàró. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ láti kékeré, a kì í rántí láti sọ ọ́ jáde. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún wọn, aránṣọ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìlú yìí mà dára o! Kò sí aláìní kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá ọrẹ padà fún oníkálukú."

Ìyá aláró ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìtìjú aládùúgbò ni. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ ebi rẹ̀ nígbà tí àwọn orogún ń fetí sí i lẹ́yìn ògiri?"

Olùkọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí a máa pè wọ́n wá sí ilé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a ti ilẹ̀kùn, kí etí mẹ́rin péré máa gbọ́. Ìyá aláró ní, "Etí mẹ́jọ ni, olùkọ́. Àwa mẹ́rin ní etí méjì méjì." Èmi náà rò pé ètò náà dára. A ní kí a fi bàbá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ní iyèméjì nínú.

Mo lọ bá a lóko kí ọjọ́ náà tó pé, mo sì sọ gbogbo ohun tí wọn yóò bi í fún un. Ó ń já ewé kúrò lára igi tí iṣu ń gùn. Kò wojú mi.

Ó ní, "Ta ni obìnrin tí yóò máa se oúnjẹ?"

"Opó kan ni, Bàbá. Ará ìjọ ni."

"Ṣé ó mọ ọbẹ̀ í sè?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ata rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í pọ̀ jù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti gbà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ náà pé, ó wọ agbádá rẹ̀ kan tó ti ṣá wá. Ìyàwó mi ló pa aṣọ náà láró kí ó tó kú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Olùkọ́ kí i dáadáa.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Báwo ni oko?"

"Oko ń bẹ níbi tí mo fi í sí. Kò tíì sá."

Aránṣọ ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń sá fún oko báyìí, Bàbá."

"Ìwọ aránṣọ, abẹ́rẹ́ kì í wúwo. Wá bá mi gbé ọkọ́ lọ́la, ká wo ẹni tí yóò sá."

Ìyá aláró pàtẹ́wọ́. "Ó gbà á! Ẹ dá a lóhùn fún mi, Bàbá. Ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù."

A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa. Lẹ́yìn náà olùkọ́ gbá ọwọ́ méjèèjì jọ lórí tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, ta ló ń bọ́ yín?"

Bàbá wò ó. Ó yíjú wo ilẹ̀kùn tí a tì.

"Ẹ fẹ́ mọ ẹni tí mo ní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹ kò bá lẹ́nìkan, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ó ní, "Mo ní ọmọkùnrin kan."

Olùkọ́ bi í jẹ́jẹ́ pé níbo ló wà.

"Ó wà níbi tí wọ́n mú un lọ. Yóò bọ̀."

Aránṣọ tẹ̀ síwájú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́."

"Ìwọ náà, ṣé wọn kò mú ọ lọ ni?"

"Wọ́n mú mi lọ, Bàbá."

"O sì padà. Mo wà ní Òwu lọ́jọ́ tí o dé, tí ìyá rẹ ń sáré káàkiri àdúgbò láìwé gèlè. Kí ọjọ́ náà tó dé, nígbà tí wọ́n bá bi í, ṣé ó máa ń sọ pé òun kò lọ́mọ?"

Aránṣọ wolẹ̀.

Ó ní, "Ó máa ń sọ pé òun ní."

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Olùkọ́ kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Èèyàn rere ni. Ó ní, "Àmọ́ títí ọmọ yín yóò fi dé, Bàbá, ta ló ń bọ́ yín?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó sì nà án sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Àna mi nìyẹn. Ẹ bi í."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Olùkọ́ ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

Iṣu ni mo máa ń gbé lọ fún un nígbà iṣu tuntun, àti ẹran nígbà Kérésìmesì. Ohun tí àna ń ṣe nìyẹn. A kì í pè é ní bíbọ́ni. Olùkọ́ mọ̀, ìyá aláró mọ̀. Bí mo bá sọ pé rárá, Bàbá yóò jẹun títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́ lójú rẹ̀, níwájú àwọn èèyàn, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sí mi. Ọkùnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá ìyàwó rẹ̀, n kò tíì rí i ní Abẹ́òkúta.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni."

Olùkọ́ ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ìyá aláró gbé àpótí rẹ̀, ó sì kọjá lára mi. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jẹun o."

Nígbà tí a jáde, mo gba ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè tún agbádá ṣe.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ilé ta ni?"

"Ilé mi ni, Bàbá. Yàrá wà níbẹ̀."

"Nígbà tí ọmọ mi wà níbẹ̀, mo ń wá kí i, mo sì ń padà kí ọbẹ̀ tó hó. Báyìí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ni n ó wá jókòó tì?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé èmi ló ń bọ́ yín."

"Mo sọ ọ́ kí wọ́n lè fi mí sílẹ̀. Ṣé ìwọ náà gbà á gbọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba ọ̀pá rẹ̀ padà. "O purọ́ nítorí mi, ọkọ ọmọ mi. O ṣeun."

Ó yà sọ́nà Òwu. Mo dúró títí n kò fi rí i mọ́.

A pe àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí èyí tó dáhùn yàtọ̀. Ìyá arúgbó etí odò wá pẹ̀lú gèlè funfun, ó ní àwọn ọmọ òun kí wa. Ohun tí a yà sọ́tọ̀ wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbà á, títí ìjì fi ṣí òrùlé ilé ìsìn lọ́dún kejì, tí a sì ra koríko àti ọ̀pá pẹ̀lú rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ilé ìsìn kò lè wà láìní òrùlé.

Orí òrùlé náà ni mo wà, tí mo ń kan ọ̀pá mọ́ ọ̀pá, nígbà tí ó yé mi bí à bá ṣe béèrè. À bá ní, "Ìyá, ta ló se oúnjẹ tí ẹ jẹ lánàá?" Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Ìyá náà ì bá ní, "Èmi ni mo sè é," gbogbo rẹ̀ ì bá sì yé wa. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti rìn yí ìlú ká pẹ̀lú èyí tí kò dára, èyí tó dára sì wá bá mi nígbà tí kò sí ohun tí mo lè fi í ṣe mọ́.

Bàbá kọ ebè ọdún méjì sí i. Ìjókòó ni wọ́n bá a nínú ahéré rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó, ọkọ́ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kan pósí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì dé títí di òní.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Èkó, èyí tí ìyàwó tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà bí fún mi, ti ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi iṣẹ́ ayùn sílẹ̀, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ìlà tí mo ń fà sórí pákó sì ti ń wọ́. Mo ní n ó rò ó. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Kò tíì sí ẹni tó bi mí pé ta ló ń bọ́ mi. Bí wọ́n bá bi mí, mo mọ irọ́ tí n ó pa.

Gbogbo ìyẹn ṣì wà níwájú, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé ilé ìwé náà mọ́. Mo jí kí oòrùn tó yọ, mo mú ọkọ́ kan tí n kò lò láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ igi, mo sì lọ sí Òwu láti bá Bàbá lọ sóko. Ẹní rẹ̀ ti wà ní kíká sí ìdí ògiri. Ó ti lọ. Mo tẹ̀lé ọ̀nà Kọ́bapẹ́ títí mo fi yà sí oko rẹ̀. Mo bá a láàárín ebè, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Kí lo wá ṣe?"

"Ọ̀wẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀wẹ̀ àna? Ẹni tí o torí rẹ̀ ń ṣe ọ̀wẹ̀ ti kú."

"Ẹ̀yin kò tíì kú, Bàbá."

Ó fi ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí. Mo ń kọ ebè, mo sì ń gbọ́ ọkọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi. Inú mi dùn pé a jọ ń lọ. Nígbà tí mo nà ró láti nu òógùn, mo wẹ̀yìn, mo sì rí i pé kò kọ ebè kankan tirẹ̀. Ebè mi ló ń tún kọ. Èyí tí mo kọ kò ga tó, orí rẹ̀ kò sì dé dáadáa. Òjò kan ni yóò wó o. Ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún un kó jọ, ó ń mí sókè sódò. Mo ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di méjì.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ó ní, "Igi lo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Mo gbé ọkọ́ sílẹ̀. Mo lọ ṣẹ́ igi gbígbẹ, mo dá iná lẹ́bàá ahéré, mo sì mú iṣu kan nínú àká rẹ̀, mo sun ún. Mo ha eérú rẹ̀ kúrò, mo gé e sórí ewé, mo sì pè é. Ó wá. Ó wo iṣu náà, ó rí i pé tirẹ̀ ni. Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sì padà sídìí ebè. Mo pọnmi kún ìkòkò rẹ̀, mo pa iná, mo sì bá ọ̀nà ilé lọ.